Ilẹ̀ àwọn ọmọ Peguis: ṣé wọ́n tà á ni, àbí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn?

Olùkàwé kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Winnipeg, ní ìpínlẹ̀ Manitoba lórílẹ̀-èdè Kánádà, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ó ní òun ti tọ́jú àwọn aláìsàn mélòó kan tó wá láti Peguis, ìlú àwọn ọmọ onílẹ̀ tí omíyalé ti lé kúrò nílé wọn. Ìyá àgbàlagbà kan nínú wọn sọ fún un pé ibi tí àwọn ń gbé báyìí kì í ṣe ilẹ̀ baba àwọn rárá, pé etídò Red nítòsí Selkirk ni wọ́n ti kó àwọn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ní àsọdùn ni, pé àwọn àgbà wọn fúnra wọn ló dìbò, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, tí wọ́n sì ta ilẹ̀ náà. Olùkàwé wa fẹ́ mọ ẹni tó ń sọ òtítọ́ nínú àwọn méjèèjì, ó sì tún béèrè bóyá Ojibway ni àwọn èèyàn Peguis tàbí Cree.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ìyá yẹn ló ń sọ òtítọ́. Lóòótọ́ ni ìwé wà, lóòótọ́ sì ni wọ́n dìbò, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ Kánádà fúnra rẹ̀ gbà ní 1998 pé ìwé tí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà ní 1907 kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà rú ẹlẹgbẹ́ yín lójú ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn yìí ti tọwọ́ bọ̀wé lórí ilẹ̀, ní 1817, ní 1871 àti ní 1907, kò sì sí ìgbà kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ohun tí wọ́n gbọ́ létí bá ohun tí àwọn òyìnbó kà jáde nínú ìwé náà lẹ́yìn ọ̀la mu. Ẹni tó bá wo ti 1907 nìkan, tí kò mọ méjì tó ṣáájú rẹ̀, yóò rò pé ọjà lásán ni wọ́n ná.

Ní ti ẹ̀yà wọn, Ojibway àti Cree ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ìbátan ni ẹ̀yà méjèèjì, orísun kan náà ni èdè wọn ti wá, àmọ́ ọ̀nà tí kálukú wọn gbà dé odò Red yàtọ̀ síra. Agbègbè àwọn adágún ńlá, nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Sault Ste. Marie, ni àwọn Ojibway wọ̀nyí ti ṣí wá, ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé fi ń pè wọ́n ní Saulteaux. Òwò awọ ẹranko onírun ló fà wọ́n lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Àwọn Cree àti àwọn Assiniboine ni wọ́n bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn ìgbóná tó jà láàárín 1780 sí 1782 ti run púpọ̀ nínú wọn, àyè sì ti ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀dó. Peguis, olóyè àwọn Ojibway tí ìlú yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1774, kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí Netley Creek, ìṣàn omi kan tó ń wọnú odò Red nítòsí ibi tí odò náà ti ń já sínú adágún Winnipeg. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń dẹ ìgbẹ́, wọ́n sì ń gbin àgbàdo.

Ní 1812 ni àwọn àgbẹ̀ ará Scotland tí Lord Selkirk, ọlọ́lá kan láti Scotland, rán wá kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí etídò yìí. Wọn ò mọ ilẹ̀ náà, wọn ò mọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe ń pa èèyàn, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ nígbà tí yìnyín bá bo gbogbo pápá. Peguis àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń ṣamọ̀nà wọn lọ sí Pembina, níhà gúúsù, níbi tí ẹran ẹfọ̀n ti pọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ òwò méjì tó ń bára wọn díje, Hudson's Bay Company àti North West Company, sọ ọ̀rọ̀ náà di ìjà, tí wọ́n sì pa Gómìnà Robert Semple àti ogún èèyàn rẹ̀ ní Seven Oaks ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1816, Peguis ló bá wọn sin òkú, òun náà ló sì dáàbò bo àwọn tó ṣẹ́ kù. Selkirk fúnra rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀rí fún un ní ọdún tó tẹ̀ lé e pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ó jẹ́ fún àwọn àlejò yìí láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ bí ẹni pé ogun ni wọ́n fi ṣẹ́gun wọn. Ní odò Red, kò sí ogun kankan tí Peguis bá àwọn àgbẹ̀ òyìnbó jà, ẹni tó gbà wọ́n lálejò ni.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 1817 ni ìwé àkọ́kọ́ dé. Peguis àti olóyè mẹ́rin mìíràn ló bá Selkirk ṣe àdéhùn náà. Wọn ò kọ orúkọ sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ya àwòrán ẹranko tí ìdílé kálukú wọn ń jẹ́ sórí àwòrán ilẹ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá odò tó jẹ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí jẹ́ maìlì méjì láti etí omi lọ sínú pápá, ní ìhà méjèèjì odò Red àti odò Assiniboine, àyàfi ní àyíká àwọn ilé olódi mélòó kan tó ti gbòòrò dé maìlì mẹ́fà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ títí dòní nípa bí wọ́n ṣe ṣàlàyé maìlì méjì fún àwọn tí kì í fi maìlì wọn nǹkan ni pé wọ́n ní kí àwọn olóyè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n wo abẹ́ ikùn ẹṣin síhà pápá ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere: ibi tí ojú bá dé, tí wọ́n bá ṣì rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹṣin náà, ibẹ̀ ni ààlà.

Ohun tí wọn yóò gbà fún un ni ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tábà lọ́dọọdún fún àwọn Ojibway, àti ìwọ̀n kan náà fún àwọn Cree. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní ìdílé onílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè mọ ohun tí Peguis rò pé òun ń gbà: ìṣákọ́lẹ̀ ni. Àlejò ń dáko, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, onílẹ̀ ṣì ni onílẹ̀. Ìwé náà gan-an tilẹ̀ pe tábà yẹn ní owó tí èèyàn ń san lórí ilẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n inú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn olóyè ti fi gbogbo ilẹ̀ náà fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí agbẹjọ́rò méjì bá mú ìwé yìí lọ sí kóòtù, ọ̀kan lè jiyàn pé wọ́n yá ilẹ̀ ni, èkejì lè jiyàn pé wọ́n fi ta ni lọ́rẹ ni, kálukú yóò sì rí ibi tí yóò nàka sí. Nígbà tí Peguis dàgbà tán, tó rí i pé àwọn àlejò ti ń tan kálẹ̀ kọjá maìlì méjì, ó kọ̀wé sí àwọn èèyàn ní London ní 1857, ó sì tún sọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní 1860, pé àwọn ò tíì ta ilẹ̀ àwọn fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń gbèjà Hudson's Bay Company fèsì pé àlejò ni àwọn Ojibway náà jẹ́ níbẹ̀, pé àwọn Cree ló ni ín. Ó yẹ kí ẹ kíyè sí i pé nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé, ẹnikẹ́ni ò bi Peguis bóyá àlejò ni.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ tiwa níbì kan. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, tó rán Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wọ Abẹ́òkúta ní 1846, ló ń rán àwọn àlùfáà lọ sí odò Red láti àwọn ọdún 1820 wá. William Cockran, tó débẹ̀ ní 1825, ló dá abúlé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1830, ní ìsàlẹ̀ odò náà, ohun tó sì ń lépa níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí Townsend ń lépa ní Abẹ́òkúta: ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, àti oko tí wọn yóò fi ohun ìtúlẹ̀ ro. Abúlé yìí ni wọ́n wá ń pè ní St. Peter's. Abẹ́ Peguis àti àwọn Ojibway rẹ̀ ni ibẹ̀ wà, àmọ́ àwọn Cree tó ṣí wá láti ìhà àríwá, láti agbègbè àwọn ilé òwò tó wà ní etí Hudson Bay, ló tètè gba ìgbàgbọ́ jù, tí wọ́n sì ń kọ́lé sí i. Ibẹ̀ ni ẹ̀yà méjèèjì ti di ìlú kan, tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń sin òkú wọn sí àgbàlá kan náà. Peguis kò kánjú. Ọdún 1840 ló tó ṣèrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní William King. Níwọ̀n bí wọ́n ti pe baba ní Ọba lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ rẹ̀ wá ń jẹ́ Prince. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù David Anderson fi Henry Budd, ọmọ Cree, joyè àlùfáà ní 1850, ọdún méje péré ni ó fi tẹ̀ lé ti Crowther, ó sì wá láti inú ètò kan náà tí Henry Venn, akọ̀wé CMS, ń darí láti London. Ilé ìjọsìn olókùúta tí wọ́n kọ́ ní St. Peter's ní 1853 sí 1854 ṣì wà nítòsí East Selkirk, ibẹ̀ sì ni wọ́n sin Peguis sí nígbà tó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1864.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀, Hudson's Bay Company gba 300,000 pọ́n-ùn, gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rupert's Land sì bọ́ sọ́wọ́ Kánádà láìbi ẹnikẹ́ni tó ń gbé orí rẹ̀. Ìjọba tuntun náà mọ̀ pé òun ò lè pín ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láìkọ́kọ́ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní òpin oṣù Keje 1871, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ onílẹ̀ pé jọ sí Lower Fort Garry, ilé olódi olókùúta tó wà láàárín Winnipeg àti Selkirk. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn olóyè ti ní àwọn ò lè sọ̀rọ̀ nítorí pé ìkùukùu kan ṣú bo àwọn lójú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, ó jáde pé àwọn Cree mẹ́rin kan wà lẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n fi iṣẹ́ ọkọ̀ Hudson's Bay Company sílẹ̀ láìparí rẹ̀. Gómìnà Adams Archibald ní kí wọ́n dá wọn sílẹ̀, ìgbà náà ni ìkùukùu tó ká. Lójú tèmi, kò sí ohun tó fi hàn jù èyí lọ pé ọ̀kan ni Ojibway àti Cree ti dà ní etídò yẹn: ọmọ Ojibway ò ní jókòó jíròrò ilẹ̀ nígbà tí ìbátan rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n.

Henry Prince, ọmọ Peguis, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Miskookenew, wà lára àwọn olóyè tó tọwọ́ bọ Àdéhùn Kìíní ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1871. Ìwé náà ní wọ́n ti fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún Ọbabìnrin. Ó yà ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlú Henry Prince ní ìhà méjèèjì odò Red, láti ààlà gúúsù St. Peter's lọ, tó máa tó 160 éékà fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, owó ọdọọdún sì jẹ́ dọ́là mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èyí wé Àdéhùn Kẹta, tí wọ́n ṣe ní 1873, níbi tí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà ti gba 640 éékà fún irú ìdílé kan náà. Ohun tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fẹnu ṣèlérí, àwọn màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀, ohun ìtúlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dáko, aṣọ àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fún àwọn olóyè, kò sí nínú ìwé. Àwọn olóyè ń béèrè rẹ̀ lọ́dọọdún títí ìjọba fi gbà ní 1875 láti so wọ́n mọ́ ìwé náà, tí wọ́n sì sọ dọ́là mẹ́ta di márùn-ún. Dọ́là márùn-ún náà ni wọ́n ṣì ń san lọ́dọọdún títí dòní, láìfi kọ́bọ̀ kan kún un.

Bí ilẹ̀ St. Peter's ṣe di ìlú àwọn ọmọ onílẹ̀ lábẹ́ òfin nìyẹn. Ilẹ̀ tó dára ni, ó wà létí omi, ó sì jìnnà sí Winnipeg díẹ̀ péré. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ṣáájú àdéhùn ni àwọn ìdílé kan ti ní ẹ̀ka ilẹ̀ tóóró tóóró tó bẹ̀rẹ̀ láti etídò, àwọn kan sì ti tà nínú rẹ̀ fún òyìnbó. Ta ló ni kínní, ẹnikẹ́ni ò yanjú rẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Láàárín àkókò yẹn, Selkirk di ìlú ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ sì ń wo pápá tó wà níwájú wọn bí ẹni tó ń wo ẹran lórí ìdáná. Ẹ má ṣe rò pé ará oko tí kò rí ayé rí ni àwọn èèyàn St. Peter's. William Prince, tó jẹ́ ọmọ ọmọ Peguis, ti wa ọkọ̀ lórí odò Náílì ní 1884 pẹ̀lú àwọn atukọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kó láti Kánádà nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ gba Ọ̀gágun Gordon sílẹ̀ ní Khartoum. Òun náà ni olóyè wọn nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé ní 1907.

Òfin àwọn ọmọ onílẹ̀ ìgbà náà sọ pé ilẹ̀ ìyàsọ́tọ̀ kò ṣe é gbà àyàfi tí wọ́n bá pe ìpàdé fún ìdí yẹn gan-an, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọkùnrin tó ti pé ọdún mọ́kànlélógún sì fara mọ́ ọn. Ìkéde ìpàdé St. Peter's jáde ní ọjọ́ mélòó kan péré ṣáájú, ìpàdé náà sì wáyé ní ọjọ́ 23 àti 24 oṣù Kẹsàn-án 1907, nínú ilé ìwé kékeré kan tí kò gba èèyàn. Ọ̀pọ̀ ló dúró síta, tí wọ́n ń gbìyànjú láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé, tí ọ̀rọ̀ náà sì ń gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá. Frank Pedley, igbákejì ọ̀gá pátápátá níléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọmọ onílẹ̀, wá láti Ottawa fúnra rẹ̀, ó sì gbé báàgì kan dání tí 5,000 dọ́là wà nínú rẹ̀ ní owó bébà. Ó jẹ́ kó yé wọn pé tí wọ́n bá gbà, wọn yóò pín owó náà lójú ẹsẹ̀, tí wọn ò bá gbà, òun ń gbé e padà lọ sí Ottawa. Nígbà tó tó àkókò ìbò, wọn kò lo ìwé. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin pín sí apá méjì. Àwọn tó jẹ́rìí lẹ́yìn náà sọ pé ohun tí wọ́n kígbe fún wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ àádọ́rùn-ún dọ́là kó bọ́ sí apá kan. Wọn ò sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn 107 ló bọ́ sí apá ìjọba, 98 sì dúró sí apá kejì.

Ẹ wò ó dáadáa: ìyàtọ̀ ìbò mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gba nǹkan bí 48,000 éékà. Wọ́n ní kí wọ́n pín apá kan ilẹ̀ náà fún àwọn ọmọ ìlú lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìpín ti olóyè àti ti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ sì tóbi ju ti mẹ̀kúnnù lọ dáadáa. Èyí tó kù, ìjọba lù ú ní gbàǹjo. Ẹni tó gba ìwé ilẹ̀ tirẹ̀ náà kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò fi yí i lórí tó fi tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí wọ́n fi dípò fún gbogbo ìlú ni nǹkan bí 75,000 éékà ní àríwá réré, ní ẹ̀bá odò Fisher, láàárín adágún Winnipeg àti adágún Manitoba, nítòsí àwọn Cree kan tó ti ń gbé ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1870. Bí èèyàn bá ka éékà nìkan, yóò ní èrè ni wọ́n jẹ. Àmọ́ igbó àti àbàtà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀, kò sí ọ̀nà, kò sí ọjà, wọ́n sì fi oko tí wọ́n ti ń ro fún ọdún gbọọrọ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Kò ju ọdún mẹ́rin lọ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ẹlẹ́ni mẹ́ta tí wọ́n gbé kalẹ̀ jókòó ní 1911 sí 1912. Méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ pé ìwé náà kò bófin mu. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Dípò kí wọ́n dá ilẹ̀ padà, ilé aṣòfin Kánádà ṣe òfin kan ní 1916 nítorí ilẹ̀ St. Peter's nìkan, òfin náà sì fìdí títà náà múlẹ̀ fún àwọn tó ti rà á, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti fi dọ́là kan kún owó éékà kọ̀ọ̀kan. Òfin yìí gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ sọ fún ẹlẹgbẹ́ yín, nítorí pé ẹni tó ra nǹkan lọ́nà tó tọ́ kì í nílò kí ilé aṣòfin tún ṣe òfin tuntun kí ohun tó rà tó lè di tirẹ̀.

Àwọn kan ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi gba orí adágún Winnipeg lọ sí ilẹ̀ tuntun náà láti nǹkan bí 1908, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Peguis. Àwọn mìíràn kọ̀, wọ́n dúró sórí ilẹ̀ wọn ní etídò Red fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba sì ń kà wọ́n sí ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹ lè máa ronú pé kí ló dé tí wọn ò fi pẹjọ́. Ní 1927, ìjọba fi kún òfin àwọn ọmọ onílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba owó tàbí kó owó jọ láti fi ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ fún wọn láìgba àṣẹ ìjọba náà, òfin yìí kò sì kúrò títí di 1951. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ọmọ wọn ń bá Kánádà jagun: Tommy Prince, àrọ́mọdọ́mọ Peguis láti Brokenhead, gba àmì ẹ̀yẹ akíkanjú Military Medal àti Silver Star nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dáwó jọ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀ lè rí ẹ̀wọ̀n he.

Omíyalé tó gbé àwọn aláìsàn yín dé ọ̀dọ̀ yín tan mọ́ ìwé 1907 yẹn tààràtà. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì rẹlẹ̀ ni odò Fisher ń ṣàn gbà, ẹ̀gbẹ́ odò náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé wà. Nígbà tí yìnyín bá yọ́ ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, omi kì í tètè rí ibi gbà lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí oko ní òkè odò ń mú kí omi tètè ya dé ọ̀dọ̀ wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Omi ya wọlé ní 2009, 2011, 2014 àti 2017, ṣùgbọ́n ti 2022 ló burú jù: àpò iyanrìn tí wọ́n kó yí ilé ká kò dá a dúró, ó lé ní 1,600 èèyàn tí wọ́n kó kúrò ní ìlú, tí wọ́n sì pín sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ní Winnipeg àti ibòmíràn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn kò sì tíì padà sílé lẹ́yìn ọdún kan. Ilé mìíràn ti di ẹlẹ́bu, kò ṣe é wọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń gbé hòtẹ́ẹ̀lì fún ọdún kan, tí oúnjẹ rẹ̀ yí padà, tí kò rí ẹbí rẹ̀, kò ní ṣàìṣàìsàn. Èyí ni ẹ mọ̀ jù mí lọ.

Lẹ́yìn tí Kánádà gbà ní 1998 pé ìwé 1907 kò bófin mu, ó tún gba ọdún mẹ́wàá àti ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan lórí owó. Àwọn ọmọ ìlú dìbò fọwọ́ sí i ní 2009. Owó náà lé ní 126 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì kó o sábẹ́ àbójútó àwọn agbátọ́jú kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè jẹ nínú rẹ̀. Àdéhùn mìíràn tún wà tí wọ́n ṣe ní 2008, èyí tó tan mọ́ 160 éékà ti 1871: nígbà tí wọ́n ka orí àwọn èèyàn dáadáa, ó hàn pé ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn kò pé rí, ìjọba sì gbà pé kí Peguis fi ohun tó lé ní 166,000 éékà kún ilẹ̀ rẹ̀. Peguis wà lára àwọn ìlú méje tó ni Àdéhùn Kìíní tí wọ́n bá ìjọba dé kóòtù lórí bárékè ológun Kapyong tó wà ní àárín Winnipeg, tí àwọn sójà ti kúrò níbẹ̀ láti 2004. Apá tiwọn nínú rẹ̀ di ilẹ̀ ìyàsọ́tọ̀ ní oṣù Kejìlá 2022, orúkọ rẹ̀ sì ni Naawi-Oodena. Ẹ ó ti máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn ọmọ ìlú Peguis báyìí lé ní 10,000, òun ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo ìlú àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Manitoba, àmọ́ kò tó ìdajì wọn tó ń gbé ní odò Fisher. Ọ̀pọ̀ wà ní Winnipeg àti Selkirk. Bí ìyá àgbàlagbà yẹn bá sì bi yín bóyá wọn yóò rí ilẹ̀ etídò Red gbà padà, ohun tó wà nínú àdéhùn ni pé owó ni wọ́n fi dí i, wọn ò dá ilẹ̀ náà gan-an padà. Àwọn tó rà á àti àwọn tó rà á lọ́wọ́ wọn ló ni ín lábẹ́ òfin 1916. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ni ti àdéhùn 2008: apá tó pọ̀ jù nínú éékà tí wọ́n jẹ Peguis jẹ́ ilẹ̀ tí wọn yóò fowó rà lọ́wọ́ ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ tà á, kí wọ́n tó wá bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kó sọ ọ́ di ilẹ̀ ìyàsọ́tọ̀.